Kíkísítátà MGB GT 1976: bí mo ṣe yan òmíràn, àti ibi tí mo ti ṣì í yàn

Ọkọ̀: MGB GT (ọkọ̀ eré kékeré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì), ọdún 1976, sítíárì ọwọ́ ọ̀tún, bọ́ńpà rọ́bà dúdú. Ẹ́ńjìnnì B-series, 1798 cc, kábúrétọ̀ SU méjì.
Ibi iṣẹ́: iwájú ilé mi ní Thamesmead, London. Mi ò ní gáréèjì, orí kọnkéré ni mo ti ṣe gbogbo rẹ̀.
Àkókò: Sátidé mẹ́rin àti ìrọ̀lẹ́ díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀.
Owó tó lọ: £241. Nínú rẹ̀, £55.50 ṣòfò pátápátá, màá sì sọ bó ṣe ṣòfò.

Abingdon, ní England, ni wọ́n ti ń ṣe MGB láti 1962 títí di 1980, èyí tó sì ti ibẹ̀ jáde lé ní ìdajì mílíọ̀nù. Láàárín gbogbo ọdún yẹn, kíkísítátà tí wọ́n ń dè mọ́ ọn kì í ṣe irú kan. Ẹni tó bá kàn sọ fún ọlọ́jà pé “kíkísítátà MGB” lòun ń wá lè gbé èyí tí kò ní bá ọkọ̀ rẹ̀ mu lọ sílé. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí.

1. Ohun tí ọkọ̀ ń ṣe

Mo dúró ra epo lọ́jọ́ kan nínú oṣù Kẹwàá. Nígbà tí mo sanwó tán tí mo yí kọ́kọ́rọ́, “kọ́” kan ṣoṣo ni mo gbọ́, iná dáṣíbọ́ọ̀dù sì rẹ̀ wálẹ̀. Mo yí i lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta: kọ́, kọ́. Àwọn ọkùnrin méjì tó wà lórí ìlà bá mi tì í, mo fi í sí jíà kejì, mo yọ ẹsẹ̀ lórí kílọ́ọ̀ṣì, ó jí. Mo wà á délé láìpa á.

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìgbà yẹn tí ẹ́ńjìnnì ti ń yí bí ẹni tí oorun ò tíì dá lójú rẹ̀. Mo ní òtútù ni. Àmì kejì tún wà tí mi ò kà sí: tí mo bá fa ṣóòkù (ọwọ́ tí wọ́n ń fà kí ẹ́ńjìnnì tútù lè tètè jí) láàárọ̀ tí mo sì yí kọ́kọ́rọ́, wáyà ṣóòkù náà máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Ooru ẹ́ńjìnnì ni mo pè é, bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì ò tíì ṣiṣẹ́ rárá lásìkò yẹn.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo pe Bàbá Rìwáyà lórí WhatsApp. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni wọ́n. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì báyìí, àmọ́ Gate ní Ìbàdàn ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ iná ọkọ̀ fún ohun tó lé ní ogójì ọdún, orí Morris àti Austin tó ń lo irú ẹ́ńjìnnì B yìí ni wọ́n sì ti kọ́ṣẹ́.

“Ẹ káalẹ́ sà. Kíkísítátà mi ti kú, mo fẹ́ ra tuntun.”

“Ta ló sọ fún ẹ pé ó kú? Ṣé o ti wọ̀n ọ́n ni?”

“Rárá sà. Ó kàn ń dún kọ́ ni.”

“Wáyà ṣóòkù ńkọ́? Ṣé kì í gbóná?”

Ẹnu yà mí. Mo ní ó ń gbóná.

“Lọ wo áàtì rẹ, ọ̀nà tí iná ń gbà padà. Iná ò rí ọ̀nà padà sí bátìrì, ló fi ń gba wáyà ṣóòkù kọjá. Má tíì ra nǹkan kan o.”

2. Wíwọ̀n

Ẹ̀yìn ni bátìrì MGB wà, lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Títí di nǹkan bí ọdún 1974, bátìrì fóòtì (volt, ìwọ̀n agbára iná) mẹ́fà-mẹ́fà méjì ni wọ́n ń fi sí i. Tèmi jẹ́ ẹyọ kan onífóòtì 12. Iná gbọ́dọ̀ ti ẹ̀yìn rìn dé iwájú kó tó kan kíkísítátà, nítorí náà mo fi wáyà ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá fa ọwọ́ mítà mi gùn. Mo fa wáyà àárín kọ́ìlì (ohun tó ń sọ iná bátìrì di alágbára fún púlọ́ọ̀gì) yọ kí ẹ́ńjìnnì má baà jí. Ọmọ mi obìnrin jókòó sídìí kọ́kọ́rọ́. Tí mo bá ti ní “yí i”, á yí i fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, á sì fi í sílẹ̀. Fóòtì ni gbogbo nọ́ńbà yìí:

Bátìrì, láìyí kọ́kọ́rọ́: 12.6
Bátìrì, nígbà tí kíkísítátà ń yí: 11.2
Bóòtù ńlá kíkísítátà sí ara kíkísítátà fúnra rẹ̀: 8.9
Orí pósítíìfù bátìrì sí bóòtù ńlá kíkísítátà: 0.5
Ara ẹ́ńjìnnì sí orí négétíìfù bátìrì: 1.8

Ẹ wo méjì tó gbẹ̀yìn yẹn dáadáa. Iye fóòtì tó ń sọnù lójú ọ̀nà ni wọ́n ń sọ, wọn kì í sì í hàn àfi tí kíkísítátà bá ń fa iná lọ́wọ́. 0.5 ni mo fi ṣe ààlà. Ọ̀nà tó ń lọ síwájú dúró lórí ààlà, ọ̀nà tó ń padà bọ̀ ti kọjá rẹ̀ jìnnà.

Orí rọ́bà ni ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì jókòó lé, torí náà okùn áàtì kan ṣoṣo ló so wọ́n mọ́ ara ọkọ̀. Mo wọ abẹ́ ọkọ̀, mo rí i. Ó ti yọ àwọ̀ ewé, bí ìdajì àwọn fọ́nrán rẹ̀ ti já, ẹni tó kun abẹ́ ọkọ̀ yìí ṣáájú mi sì ti kun ọ̀dà sí ibi tó yẹ kí irin ti kan irin. Okùn tuntun jẹ́ £9. Mo fi sánpépà ha ibẹ̀ títí irin fi funfun, mo dè é, mo wá fi gíríìsì bò ó kí omi má baà wọ̀ ọ́.

Mo tún wọ̀n ọ́n. Ẹ̀gbẹ́ áàtì wálẹ̀ sí 0.2, kíkísítátà ń rí 10.2 dípò 8.9, wáyà ṣóòkù ò sì gbóná mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ṣì ń yí lọ́ra. Mo yá mítà tó ní ẹnu bí akàn, èyí tí wọ́n fi ń gbá wáyà mú láìgé e, mo gbé e sára wáyà bátìrì: 310 ámpù. Kíkísítátà ń jẹun bí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ńlá, iṣẹ́ náà ò sì jáde lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà yìí ni mo tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun náà ní àrùn tirẹ̀. Ká ní mo ti ra tuntun lọ́jọ́ àkọ́kọ́, áàtì yẹn ì bá máa jẹ iná tuntun náà lọ, ọlọ́jà ni ǹ bá sì máa bá jà.

3. Yíyọ rẹ̀ (wákàtí mẹ́ta)

Ẹ kọ́kọ́ yọ áàtì bátìrì. Bóòtù ńlá kíkísítátà kò ní fíúsì kankan. Tí ẹnu sípánà bá wà lórí rẹ̀ tí ìdí sípánà kan ara ọkọ̀, yóò jó lẹ̀ mọ́ ibẹ̀.

Mo fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀, mo gbé e lé ẹsẹ̀ irin méjì, mo fi igi di táyà ẹ̀yìn. Apá ọ̀tún ẹ́ńjìnnì ni kíkísítátà wà, nísàlẹ̀ dísítíríbútọ̀ (ohun tó ń pín iná fún àwọn púlọ́ọ̀gì), lẹ́yìn fílítà ọ́ìlì. Bóòtù méjì ló dè é, orí wọn gba 9/16 ínṣì. Sípánà 14 kò wọ̀ ọ́, 15 tóbi jù, yóò sì jẹ orí bóòtù náà. Ti ìsàlẹ̀ kò ṣòro. Ti òkè ló gba gbogbo ọ̀sán mi: ojú ò rí i, ọwọ́ ò fi bẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni ọ̀pá ṣọ́kẹ́ẹ̀tì gígùn tí orí rẹ̀ ń mì (£16), tí mo ti ìsàlẹ̀ kì bọ̀ ọ́, lẹ́yìn tí mo ti yọ fílítà ọ́ìlì àti dísítíríbútọ̀ kúrò lójú ọ̀nà.

Ibi dísítíríbútọ̀ yẹn ni àṣìṣe mi àkọ́kọ́ wà. Páànù pẹlẹbẹ kékeré kan ló di ọrùn rẹ̀ mú. Bóòtù kan wà tó fún páànù náà mọ́ ọrùn, bóòtù kéékèèké méjì mìíràn sì de páànù mọ́ ẹ́ńjìnnì. Méjì tó de páànù mọ́ ẹ́ńjìnnì ló yẹ kéèyàn tú. Tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, dísítíríbútọ̀ á jáde pẹ̀lú páànù lọ́rùn rẹ̀, táímìnì (àsìkò tí púlọ́ọ̀gì ń ta iná) ò ní sún, nítorí ẹnu ìdí rẹ̀ kò sí láàárín gbọọrọ: ọ̀nà kan ṣoṣo ló lè gbà padà wọlé. Bóòtù ọrùn ni èmi tú. Mo pàdánù táímìnì, mo sì ní láti fi iná táímìnì wá a padà níkẹyìn. Wákàtí kan lọ síbẹ̀.

Mo ya fọ́tò àwọn wáyà kí n tó tú wọn. Gíríìsì ti bo àwọ̀ wọn, mi ò sì nù wọ́n kí n tó yà á. Ẹ rántí èyí, a óò padà sórí rẹ̀.

4. Ṣíṣí i wò

Lucas 2M100 ni wọ́n kọ sí i lára. Òrùka irin kékeré tó ní eyín wà lẹ́yìn, lábẹ́ ìdérí, tó di ọ̀pá ámẹ́ṣọ̀ (ẹ̀yà tó ń yí nínú mọ́tò) mú. Kò ṣeé tú, ṣíṣẹ́lì ni mo fi là á, tuntun ló sì gbọ́dọ̀ padà síbẹ̀.

Kábọ́ọ̀nù mẹ́rin, tó ń gbé iná fún ámẹ́ṣọ̀, ló wà nínú rẹ̀. Méjì dúró lára ìdérí ẹ̀yìn, méjì so mọ́ fíìdì (wáyà tí wọ́n wé sí inú ara kíkísítátà). Ní mìlímítà, mo rí 9.3, 8.8, 9.0 àti 10.1. Ìwé àtúnṣe ní kí wọ́n má kéré sí 9.5. Ojú bàbà tí wọ́n ń fi ara gbá ṣì nípọn tó 3.9, ààlà rẹ̀ jẹ́ 3.5, ìyẹn dára. Ohun tó burú ni búúṣì, òrùka tí ọ̀pá ámẹ́ṣọ̀ ń yí nínú rẹ̀: wọ́n ti jẹ débi pé ámẹ́ṣọ̀ ń fẹ̀gbẹ́ ha irin fíìdì, ibi tó ti ń ha á ń dán bíi dígí. Ibẹ̀ ni 310 ámpù ń lọ.

Mo ra kábọ́ọ̀nù (£14.50) àti búúṣì (£6). Irú búúṣì yìí ń mu ọ́ìlì, ó gbọ́dọ̀ sùn sínú rẹ̀ fún odindi ọjọ́ kan kó tó wọlé. Mo ṣe ìyẹn bó ṣe yẹ.

Kábọ́ọ̀nù méjì tó so mọ́ fíìdì ló ṣẹ́gun mi. Alumíníọ̀mù ni wáyà fíìdì kíkísítátà yìí, lẹ́ẹ̀dì lásán kì í sì í mú alumíníọ̀mù. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé kéèyàn gé ìrù bàbà kábọ́ọ̀nù àtijọ́ kó ṣẹ́ kù díẹ̀, lẹ́yìn náà kó jó ìrù tuntun mọ́ ìyókù bàbà yẹn. Èmi gé e mọ́ ìdí, nítorí mo fẹ́ kó mọ́ tónítóní. Nígbà tí lẹ́ẹ̀dì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ṣubú bí omi lára ewé kókò ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe. Mo gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mẹta, mo fi iná tó gbóná jù jó fíìdì kan, ibi tí wọ́n fi wé e dúdú. Bí mo ṣe ba ohun tó ṣeé tún ṣe jẹ́ nìyẹn, £20.50 sì bá a lọ.

5. Yíyàn

Ó dun ni láti sọ pé mi ò fara balẹ̀ níbí náà. Ẹnì kan ń ta tòkúnbọ̀ “MGB starter” ní £35, kò jìnnà sí mi. Mo wakọ̀ ìyàwó mi lọ, mo gbé e. Nígbà tí mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, wọn ò jọra.

Irú méjì ló wà. Ti àkọ́kọ́, tó wà lára àwọn ọkọ̀ 1962 sí 1967, kò ní solenoid (suwíìsì ńlá tó ń fún kíkísítátà ní iná) lórí. Solenoid rẹ̀ dá dúró sára ọkọ̀ lọ́tọ̀. Tí mọ́tò bá ti yí, bẹ́ńdíìsì (jíà kékeré orí ọ̀pá rẹ̀) á fi agbára yíyí yẹn sáré lọ gbá eyín fùláíwíìlì, àgbá irin ńlá ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, mú. Èkejì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Mk II, ìran kejì MGB, ní ìparí 1967. Solenoid wà lẹ́yìn rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n pọ̀n, òun ló sì ń ti jíà kékeré wọnú eyín fùláíwíìlì kí mọ́tò tó yí tagbára-tagbára. Fùláíwíìlì àti páànù ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì yàtọ̀ láàárín àwọn méjèèjì, wọn ò ṣeé fi rọ́pò ara wọn. Ti àkọ́kọ́ ni mo rà. Ẹni tó tà á fún mi kò parọ́, MGB ni lóòótọ́. Èmi ni mi ò béèrè ti ọdún wo.

Ọdún tó wà lórí ìwé ọkọ̀ pàápàá kò tó láti gbára lé. Àwọn ọkọ̀ yìí ti dàgbà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 18G, 18GA tàbí 18GB jẹ́ ti irú àkọ́kọ́. 18GD síwájú, àti gbogbo 18V, jẹ́ ti oní-solenoid. Tèmi jẹ́ 18V. Síbẹ̀ mo tún fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ihò tí mo ti yọ kíkísítátà, mo ní kí ọmọ mi máa fi sípánà yí ẹ́ńjìnnì níwájú díẹ̀díẹ̀, mo wo eyín fùláíwíìlì yípo. Tí eyín bá ti kán, kò sí kíkísítátà tó lè wò ó sàn. Tèmi pé.

Ọ̀nà méjì ló kù fún mi.

Èkíní ni Lucas tí wọ́n ti tún ṣe: £95, pẹ̀lú £30 tí wọ́n á dá padà tí mo bá gbé ògbólógbòó tèmi wá. Wọn ò gba èyí tí wọ́n bá ti tú palẹ̀ tàbí tó ti jó, torí náà £125 ni yóò jẹ́ fún mi. Ohun tó dára nínú rẹ̀ pọ̀: ó rí bí ti ilé iṣẹ́, gbogbo wáyà á padà síbi tí wọ́n wà, ẹni tó bá ní ọwọ́ lè tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀la. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ wà bó ṣe jáde ní Abingdon, mo bọ̀wọ̀ fún un, èyí ni kó rà.

Èkejì ni oníjíà, èyí tí wọ́n ń ṣe lóde òní: £148. Mọ́tò inú rẹ̀ kéré, ó ń yára yí, jíà tó wà láàárín mọ́tò àti eyín ìta ló ń sọ eré yẹn di agbára. Ìwọ̀n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ti Lucas. Ohun méjì ló fà mí sí i. Àkọ́kọ́, kì í jẹ iná púpọ̀, wáyà bátìrì mi sì gùn láti ẹ̀yìn wá síwájú. Bí ámpù bá ṣe kéré sí ni ohun tó ń sọnù lójú ọ̀nà ṣe ń kéré sí. Ìkejì, ara rẹ̀ tín-ínrín, ọwọ́ á lè dé bóòtù òkè láìyọ dísítíríbútọ̀ nígbà mìíràn. Ohun tí mi ò fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé ó ń han bíi ti ọkọ̀ òde òní, kì í dún ohùn tí MGB ń dún, tó bá sì bàjẹ́, mi ò rò pé màá rí kábọ́ọ̀nù rẹ̀ rà lọ́tọ̀.

Mo ro ó fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọkọ̀ yìí ni mo fi ń lọ sí ibi iṣẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kì í ṣe ti àfihàn. Mo mú oníjíà.

Kí n tó sanwó mo béèrè pé: ṣé ti 18V ni? Iye eyín jíà kékeré rẹ̀ ńkọ́? Ṣé páànù ìdè rẹ̀ ṣeé yí? Wáráńtì wọn tó ọdún mélòó? Ìdáhùn wọn dára. Ìbéèrè karùn-ún wà tí mi ò mọ̀ pé ó yẹ kí n béèrè, òun ló sì jẹ́ ìpele keje.

Nígbà tó dé, mo ka eyín jíà rẹ̀ mọ́ ti àtijọ́, iye kan náà ni. Mo wọn ọ̀nà tó wà láàárín ojú páànù ìdè àti ẹnu jíà nígbà tó wà nísinmi; kò fi mìlímítà kan yàtọ̀ sí ti Lucas. Tí jíà bá sún mọ́ fùláíwíìlì jù, á máa ha á nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Tó bá jìnnà jù, eyín ò ní wọra dáadáa.

6. Dídè

Mo ha ọ̀dà kúrò níbi tí páànù ti máa kan ẹ́ńjìnnì, nítorí ibẹ̀ ni áàtì rẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo gbé e wọlé, solenoid rẹ̀ kọjú síta gan-an síbi tí fílítà ọ́ìlì ń jókòó sí. Mo yọ ọ́, mo tú skúrù páànù ìdè, mo yí i sí ihò tó tẹ̀ lé e, mo tún gbé e padà. Ó wọ̀ ọ́. Ìka kan lè kọjá láàárín òun àti fílítà.

Bóòtù òkè gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo wo aago.

7. Wáyà tó ṣẹ́ kù

Lára solenoid Lucas, yàtọ̀ sí àwọn wáyà búráùn ńlá orí bóòtù, wáyà tín-ínrín méjì ló wà. Solenoid tuntun ní ẹsẹ̀ kékeré kan ṣoṣo. Mo nu gíríìsì kúrò lára àwọn méjèèjì: ọ̀kan funfun oní-ìlà búráùn, ìkejì funfun oní-ìlà ewé fẹ́ẹ́rẹ́. Búráùn yẹn ló ń ti rílè (suwíìsì kékeré tí iná ń tàn) kíkísítátà wá, òun ló ń pàṣẹ pé “yí”. Ìkejì ni mi ò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Dípò kí n béèrè, mo so méjèèjì pọ̀ sórí ẹsẹ̀ kan náà.

Ọmọ mi yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì yí bí ìjì, ó sì jí lójú ẹsẹ̀. Bó ṣe yọ ọwọ́ lórí kọ́kọ́rọ́, ó kú. A tún un ṣe: ó jí, ó kú.

“Dádì, tí mo bá di kọ́kọ́rọ́ mú kì í kú.”

Òun ló rí i. Èmi ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú kábúrétọ̀, mo ti wo kọ́ńtáàtì (ẹnu irin inú dísítíríbútọ̀ tó ń já iná kọ́ìlì tó sì ń so ó), mo ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì kan. Wákàtí kan àbọ̀ ti lọ kí n tó gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu, kí n sì gbé mítà sórí kọ́ìlì. Kọ́kọ́rọ́ wà ní sísí, kò sì sí lórí sítáàtì: 0.7 fóòtì. Kọ́ìlì ò rí nǹkan jẹ.

Mo ya fídíò fún Bàbá. Wọn ò jẹ́ kó dé ìparí.

“Ọkọ̀ yìí ní bálásìtì. Wáyà kejì yẹn, kọ́ìlì ló ń lọ. O ti fún iná kọ́ìlì ní ọ̀nà tó rọrùn, inú solenoid ló ń gbà sá lọ sí áàtì.”

Àlàyé rẹ̀ nìyí bí wọ́n ṣe là á yé mi. Láti ìparí 1974, nígbà tí bọ́ńpà rọ́bà dé, kọ́ìlì MGB kì í ṣe èyí tó ń jẹ fóòtì 12 ní gbogbo ìgbà mọ́. Wáyà kan tó ń dín iná kù, bálásìtì, wà láàárín kọ́kọ́rọ́ àti kọ́ìlì. Ṣùgbọ́n nígbà tí kíkísítátà ń yí tí bátìrì ń rẹ̀ wálẹ̀, kọ́ìlì nílò gbogbo iná tó bá lè rí. Nítorí náà solenoid Lucas ní ẹsẹ̀ kan tó ń fún kọ́ìlì ní iná bátìrì tààrà ní ìwọ̀nba ìgbà tí kíkísítátà ń yí. Tó bá ti dúró, ẹsẹ̀ yẹn á já ara rẹ̀. Ẹsẹ̀ tí mo so ó mọ́ kì í já. Bí kọ́kọ́rọ́ bá ti padà sẹ́yìn, iná tó ń ti bálásìtì bọ̀ ń gba ẹ̀yìn wọ inú solenoid, kò sì dé kọ́ìlì mọ́.

Oníjíà tó ní ẹsẹ̀ bálásìtì wà lọ́jà. Ìbéèrè karùn-ún nìyẹn: “Ṣé ó ní ẹsẹ̀ tó ń lọ sí kọ́ìlì?” Ẹni tó ní MGB bọ́ńpà rọ́bà, tàbí ẹ́ńjìnnì tó ti irú rẹ̀ wá, kó béèrè rẹ̀ kó tó sanwó.

Èèyàn lè fi wáyà náà sílẹ̀ láìso ó mọ́ nǹkan kan. Ọkọ̀ á ṣì jí lọ́jọ́ tó bá gbóná. Ní oṣù Kìíní, mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn á ní kí n kúkú fún kọ́ìlì ní fóòtì 12 tààrà títí lọ. Kọ́ìlì á gbóná, kọ́ńtáàtì á sì jó, mi ò dá a láṣà. Ohun tí Bàbá ní kí n ṣe ni rílè ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin:

Ẹsẹ̀ 86: wáyà funfun oní-ìlà búráùn, pẹ̀lú ẹsẹ̀ solenoid.
Ẹsẹ̀ 85: áàtì.
Ẹsẹ̀ 30: bóòtù ńlá tí iná bátìrì dé sí. Mo fi fíúsì sí i lójú ọ̀nà.
Ẹsẹ̀ 87: wáyà funfun oní-ìlà ewé fẹ́ẹ́rẹ́, tó ń lọ sí kọ́ìlì.

Rílè, fíúsì àti wáyà jẹ́ £7.50. Mo de rílè náà mọ́ ògiri ẹ́ńjìnnì níbi tí omi ò lè dé. Mo wọn orí kọ́ìlì padà: kọ́kọ́rọ́ sísí, kọ́ńtáàtì pípadé, 6.4, nígbà tí kíkísítátà ń yí, 10.9. Ọmọ mi yí kọ́kọ́rọ́, ó jí, ó yọwọ́, kò kú. Ó jáde wá dì mọ́ mi lórí kọnkéré níbẹ̀, gíríìsì kún aṣọ wa méjèèjì.

8. Àbájáde

Bátìrì, láìyí kọ́kọ́rọ́: 12.6
Bátìrì, nígbà tó ń yí: 11.5 (tẹ́lẹ̀, 11.2)
Kíkísítátà fúnra rẹ̀: 11.1 (tẹ́lẹ̀, 8.9)
Òfò lójú ọ̀nà iwájú: 0.3
Òfò lójú ọ̀nà áàtì: 0.1
Ámpù: 165 (tẹ́lẹ̀, 310)

Owó: okùn áàtì £9, kábọ́ọ̀nù £14.50; búúṣì £6; tòkúnbọ̀ tí kò bá a mu £35; oníjíà £148; rílè àti wáyà £7.50, ọ̀pá ṣọ́kẹ́ẹ̀tì £16, òróró ìtúbóòtù àti sánpépà £5.

Mo gbé e lọ sí Rochester ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo sì pa á lẹ́ẹ̀marùn-ún lójú ọ̀nà nígbà tó gbóná dáadáa. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló jí kí n tó ka “ení, èjì”. Lẹ́yìn igba máìlì mo padà sábẹ́ ọkọ̀, mo bá bóòtù ìsàlẹ̀ tó ti dẹ̀ díẹ̀; mo fún un, kò tún dẹ̀ mọ́. Ó ti pé oṣù mẹ́rin báyìí, máìlì tí mo ti fi rìn lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Mi ò tíì tún gbọ́ “kọ́” yẹn.

Tòkúnbọ̀ £35 ti bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan tó ní MGB 1965. Mi ò gbowó lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló sì yá mi ní mítà ẹlẹ́nu akàn títí mo fi ṣe tán. Ní ti Lucas tí mo jó fíìdì rẹ̀, Bàbá Rìwáyà ní kí n má jù ú nù. Wọ́n mọ ẹni tó ń yí wáyà bàbà sí fíìdì ní Gate. Mo ti kó gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ sínú ọ̀rá, mo kọ orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sí i, ìyàwó mi sì ti bá mi wá ààyè fún un nínú ẹrù àbúrò rẹ̀ tó ń lọ sílé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.